Oko Tí Mo Ro Mọ́ Jù

Ẹsẹ̀ a máa yún mi. Kì í ṣe àìsàn, kò sì sí oògùn rẹ̀ ní farmacia. Bí mo bá ti gbé ìlú kan pẹ́ díẹ̀, tí mo ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ata rodo, tí mo mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì ń dé, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé kì í ṣe ibí yìí. Torino ni mo kọ́kọ́ dé. Mo kúrò níbẹ̀ lọ sí Reggio Emilia nítorí ẹnì kan sọ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo tún kọjá sí Bologna. Bologna ni mo ti fọ abọ́ nílé oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́yàwó, nínú ìjọ kan tó ń jọ́sìn ní ilé ìkẹ́rù tí wọn kò lò mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ wa méjì dé, a kó wá sí Padova. Ìyàwó mi ní Padova ni òpin, pé òun kò tún di páálí mọ́.

Padova yìí ni àlá oko ti mú mi. Inú magazzino, ilé ìkẹ́rù ńlá kan, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi nǹkan sí mi létí, ẹ̀rọ á máa sọ fún mi pé kí n lọ sí ìlà kẹrìndínlógún, kí n gbé páálí mẹ́ta. Mò ń gbé tòmátì inú agolo, mò ń gbé ẹ̀wà inú agolo, mò ń gbé ẹyin tí n kò mọ adìẹ tó yé e. Lọ́jọ́ kan mo dúró síwájú páálí ẹyin, mo ronú pé èmi ọmọ àgbẹ̀, tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rọ ló wá ń rán mi ní ẹyin. Inú bí mi gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti gba ìsinmi, màá jókòó sórí pákó ìkẹ́rù, màá máa wo fídíò àwọn òyìnbó tó sá kúrò nígboro, tí wọ́n ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbìn, tí wọ́n ń mu omi òjò. Kí oṣù tó yí po, mo ti ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: adìẹ méjìlá, ewúrẹ́ méjì, kànga kan, àgbàdo, ẹ̀wà, ata, ẹ̀fọ́, ọ̀dùnkún. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá pé, iyọ̀ nìkan ni màá máa rà. Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó fi máàgì kún un.

Ohun tí n kò kọ síbẹ̀ ni pé oko yìí kan náà ni mo sá fún. Bàbá mi ní oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, èmi sì ni wọ́n fẹ́ fi í lé lọ́wọ́. Mo fi ọkọ́ sílẹ̀ láàárín poro lọ́jọ́ kan, mo wọ mọ́tò lọ. Nígbà tí mo wá fi fóònù sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ ra ilẹ̀ ní Italy kí n máa dáko, wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n wá bi mí pé ṣé torí ọkọ́ ni mo ṣe kọjá òkun, nígbà tí ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Mo kọ́kọ́ fi báńkónì wa bẹ̀rẹ̀. Àjà kẹrin ni à ń gbé. Mo kó bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewúro àti ata sínú wọn, débi pé kò sí ibi tí ìyàwó mi lè sá aṣọ sí mọ́. Omi ń kán sórí aṣọ funfun ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa, omi tó ti dúdú nínú iyẹ̀pẹ̀. Amministratore, ẹni tó ń bójú tó ilé náà, kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ka ìwé náà fún wa, ó sì fi tirẹ̀ kún un: “Papà, noi non siamo contadini.” Ó ní a kì í ṣe àgbẹ̀. Mo bá a wí pé ọmọ ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó wò mí bí ìgbà tí mo sọ pé ọba ni bàbá mi.

Nígbà náà, ìyàwó mi ń tọ́jú màmá arúgbó kan ní abúlé kan lẹ́yìn Padova, ìrìn ààbọ̀ wákàtí nínú bọ́ọ̀sì. Nonna, ìyá àgbà, ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n sì bí ń gbé Torino, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta ilé náà kí wọ́n wá bá òun gbé. Nonna kò fẹ́ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ létí wọn, pé ọkọ òun ti di àgbẹ̀ orí báńkónì. Nonna kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó mú mi wá.

Wọ́n fi ẹ̀yìnkùlé hàn mí. Ilẹ̀ ni, ilẹ̀ gidi, ó gùn dé etí odò kékeré kan, igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà láàárín, koríko sì ti gba gbogbo rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Nonna ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún sáà kan, láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá. Bí àwọn bá rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn yóò sọ fún ọmọ àwọn ní Torino pé kó fi apá ilé tó ṣófo rẹ́ǹtì fún wa, àti ilẹ̀ náà mọ́ ọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn á jẹ́ kí ọmọ ta gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi gbórí lé fèrèsé bọ́ọ̀sì. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti fi ẹnu kọ́ ilé adìẹ tán kí a tó dé Padova.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, Nonna lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ géètì sílẹ̀ fún wa, wọ́n ní kí n máa bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù mí. Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́. Mo ní ọkọ́ ilé kan, ọkọ́ alágbẹ̀dẹ gidi, tí ìyá kan nínú ìjọ bá mi dì sínú àpótí wọn láàárín aṣọ wá láti ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ro oko náà bí bàbá mi ṣe máa ń ro ó.

Ẹni tí wọn kò bá tọ́ lóko kò lè mọ ohun tí oko mímọ́ jẹ́ lójú wa. Bí èpò bá wà lóko rẹ, gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ ló máa mọ irú ènìyàn tí o jẹ́. Bàbá mi kì í fi ẹyọ koríko kan sílẹ̀. Wọ́n á tú gbòǹgbò rẹ̀ jáde, wọ́n á gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n á dojú rẹ̀ dé inú oòrùn kó lè kú pátápátá. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́bàá ògiri, mo bá ebè gígùn mẹ́ta tí igi gbígbẹ tín-ínrín dúró lórí wọn. Mo rò pé koríko líle kan ló gbẹ síbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá fi agídí hàn mí: gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó funfun, ó pọ̀, ó di ara wọn mú. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi bá a jà. Mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo tú u jáde, mo sá a sóòrùn. Nígbà tí mo ṣe tán, oko náà mọ́ bí ẹni pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a. Mo kọ ebè sí i láti ìhà kan dé ìkejì. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n sì ní ká ní bàbá mi rí i, inú wọn ì bá dùn. Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, n kò ní purọ́.

Nonna dé ní ọjọ́rú. Ìyàwó mi di apá wọn mú, wọ́n jáde sẹ́yìnkùlé, èmi ń tẹ̀ lé wọn, mò ń retí ìyìn. Wọ́n wo ebè mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń mi orí pé ó dára. Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀bá ògiri. Wọ́n rìn lọ síbi tí mo kó gbòǹgbò jọ sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ọ̀kan. Ó ti gbẹ, ó ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìyàwó mi, wọ́n sì wọlé lọ láì wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà ni asparagi.

Ìyàwó mi ló wá ṣàlàyé fún mi lójú ebè. Asparagi ni ẹ̀fọ́ funfun tó máa ń yọ lórí ebè ní ìgbà ìrúwé, tí wọ́n fi ń jẹ ẹyin lágbègbè Padova. Nígbà òtútù, òkè rẹ̀ á gbẹ bí ohun tó ti kú, ṣùgbọ́n ó wà láàyè nísàlẹ̀. Bí a bá gbìn ín, kí á dúró di ọdún kẹta kí á tó gé e jẹ. Lẹ́yìn náà á máa so fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ Nonna ló gbin ebè mẹ́ta yẹn ní ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó kú. Lọ́dọọdún, Nonna a máa fi ọ̀pá wọn rìn lọ síbẹ̀ láti gé èyí tí wọ́n máa jẹ. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọwọ́ mi, tó yára, tó mọ́, ló pa iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ti kú. Ojú tì mí débi pé n kò lè wọlé lọ kí wọn pé ó dàárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó sí kíṣìnì wa ní Padova, mo ń wo àkókò ọkọ̀ ojú irin sí Reggio Emilia lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣì wà ńbẹ̀ tó ní wọ́n ń wá ènìyàn. Mo ti ń ronú ilé-ìwé àwọn ọmọ, mo ti ń ronú páálí. Ìyàwó mi dé ẹ̀yìn mi, ó rí ohun tí mò ń wò. Ó ní mo tún ti ń wá ọ̀nà. Ó ní ẹni tó ṣẹ àgbà, ẹsẹ̀ àgbà ló ń lọ, kì í lọ sí ibùdókọ̀. Ó sì pa iná kíṣìnì mọ́ mi lórí.

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Nonna wà nínú kíṣìnì wọn, wọ́n ń já ẹ̀fọ́. N kò mọ ohun tí màá sọ lédè Italy tó lè tó, nítorí náà mo ṣe ohun tí mo mọ̀. Mo bọ́ fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí táìlì, mo fi àyà kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí abọ́ bọ́. Nonna figbe ta, wọ́n ń pe ìyàwó mi pé ọkàn ọkọ rẹ̀ ti dúró, pé kó pe ambulanza. Ìyàwó mi sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tó rí mi, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Ó di ògiri mú. Ó wá ṣàlàyé fún Nonna pé bí ọkùnrin ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá nílẹ̀ wa nìyẹn. Nonna wò mí níbi tí mo nà sí. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù, ọmọ ọdún mélòó ni mí. Wọ́n wá ní kí n lọ sọ́jà kí n ra gbòǹgbò asparagi tuntun wá, kí oṣù tó parí.

Bí a ṣe gbìn ín nìyẹn. Nonna jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe. Wọ́n mú mi gbẹ́ kòtò, wọ́n ní kò jìn tó, mo tún un gbẹ́. Wọ́n ní kí n da ìgbẹ́ màlúù sí i. Wọ́n ní kí n na gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan bí ìka ọwọ́ tó là, kí n má ká a jọ. Mo fẹ́ yára, wọ́n sì ń dá mi dúró. Nígbà tí a bo iyẹ̀pẹ̀ tán, mo ṣírò ọdún wọn, mo sì hùwà òmùgọ̀, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbìn ín fún. Wọ́n ní ẹni tó bá wà níbí ni yóò jẹ ẹ́.

Oko náà ṣe dáadáa lọ́dún yẹn. Àgbàdo mi yọmọ, ẹ̀wà gùn ún bí ó ṣe ń gùn ún nílé, tẹ̀tẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ará ìjọ ń wá kó o ní ọjọ́ Sátidé. Mo ra adìẹ mẹ́fà. Ọmọbìnrin wa tí kì í ṣe àgbẹ̀ fún gbogbo wọn lórúkọ. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ẹ̀fọn ń jẹ mí, amọ̀ ilẹ̀ náà ń di mọ́ bàtà, mo sì rí ilẹ̀ kan lórí fóònù, ní òkè Piemonte, ní ìhà Torino, tó ní orísun omi tirẹ̀ àti igbó. Mo ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ Nonna, nínú oko tí mo ti ń fi ẹnu wá láti ọdún pípẹ́, mo ń wo oko ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé kò dára. Mo ṣì ń wò ó.

Ní oṣù kẹwàá, ọmọ Nonna wọ ọkọ̀ láti Torino wá. Obìnrin tó máa ń kánjú ni, ṣùgbọ́n kò burú. Ó rìn yí oko po, ó mú ata kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ìyá òun kò tíì sanra báyìí láti ìgbà tí bàbá òun ti kú. A jókòó yí tábìlì kíṣìnì ká, ó ka contratto, ìwé àdéhùn náà, fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá ilé, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ọdún mẹ́fà. Ó ní ìdí tí òun fi ń ṣe é ni kí ìyá òun lè máa rí ẹni bá gbé, nítorí náà òun kò fẹ́ ẹni tó máa lọ láàárín. Ó ti bíírò kan síwájú mi.

Gbogbo wọn ń wò mí. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí ní Padova tí n kò tíì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yọ lẹ́nu, nínú ìjọ, ní ilé onígbàjámọ̀, nínú tram. Mo mú bíírò, mo gbé e lé ìwé, ọwọ́ mi kò sì lọ. Ọdún mẹ́fà. Mo ń ronú omi orí òkè Piemonte. Mo ń ronú pé ilé-iṣẹ́ kan lè wà ní Bologna. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù ló bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fọwọ́ sí i, kò ní sí ibòmíràn tí màá tún máa lálàá rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń béèrè bóyá kò lè jẹ́ ọdún kan ná, ká máa wò ó.

Nonna gbé ojú sílẹ̀. Ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé náà jọ.

Ìyàwó mi na ọwọ́, ó rọra yọ bíírò kúrò láàárín ìka mi. Ó béèrè bóyá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó. Ọmọ Nonna ní ó tó. Ìyàwó mi, tó bú oko láti ọjọ́ tí àlá rẹ̀ ti mú mi, fọwọ́ sí gbogbo ojú ìwé náà níkọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ó ń kọ ọ́ gbàgàdà bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó ṣe tán, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ kí àwọn onílé má baà gbọ́.

“Daddy, èmi àti àwọn ọmọ ò kó kiri mọ́. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ. Ẹ ó padà bá wa níbí.”

Kò bínú. Ohùn tó fi máa ń bi mí bóyá màá jẹun ló fi sọ ọ́, òun ló sì jẹ́ kí ó wọ̀ mí lára. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá ti rí nǹkan fi dá a lóhùn.

A kó dé lóṣù kọkànlá. Ọdún kejì nìyí. Asparagi yọ ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, ó tín-ínrín, Nonna kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Orúkọ mi kò sí nínú ìwé ilé náà, kò sì sí ẹni tó tún sọ fún mi pé kí n fi síbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ lọ́la, n kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, mo máa ń jáde lọ tú adìẹ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyàwó mi á wà ní kíṣìnì, á máa di irun ọmọ wa kó tó lọ sí iléèwé. Bí ó bá gbọ́ ìró géètì, á dáwọ́ dúró, kò ní yíjú, á máa gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ mi ń bọ̀ sílé tàbí ó ń lọ sójú títì. Tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.